Ásíìdì sínú omi, kì í ṣe omi sínú ásíìdì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì Kétu àti Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí ṣọwọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ásíìdì sọ́fúríìkì.

Bí ẹ bá fẹ́ po 250 mL ásíìdì àbùlà tó jẹ́ 1 mol/L (ìyẹn, móòlù ásíìdì kan nínú lítà kan), nǹkan bí 14 mL ásíìdì ògidì (95–98%) ti tó. Ẹ kọ́kọ́ bu 150 mL omi dísítílé tó tutù sínú bécher (ife dígí), kí ẹ wá máa da ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ọ̀pá dígí rò ó. Ẹ má yí i padà láé: omi fúyẹ́ ju ásíìdì lọ, orí rẹ̀ ló máa dúró sí, ibi tí wọ́n ti pàdé á hó lójijì, á sì ta síni lójú. Ó di ìgbà tó bá tutù kí ẹ tó dà á sínú fiole (ìgò dígí ìwọ̀n tó ní àmì lọ́rùn), kí ẹ sì fi omi kún un dé ojú àmì.

Awò ojú àti ìbọ̀wọ́ kò ṣeé fojú fò. Níbi tí omi ẹ̀rọ kì í ti í dúró, ẹ pọn omi bídọ̀n 25 lítà méjì sítòsí. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi ṣàn án fún 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó gba ọsibítù lọ. Bikabọ́náàtì, ìyẹ̀fun tó ń pa agbára ásíìdì, wà fún ilẹ̀ tí ásíìdì bá dà sí, kì í ṣe fún ojú.

Ẹ má sì da Javel (omi tí a fi ń bó aṣọ) sórí ásíìdì tó dànù. Gáàsì kilorínì tó ń jáde níbẹ̀ máa ń jó ẹ̀dọ̀fóró.

Àti ìgò sódábì (ọtí ògógóró) tí àwọn kan ń rọ ásíìdì sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o kúrò lónìí.