Kọ́ọ̀sì ìtàn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn àbúrò mi

Tó bá ti ń di ìparí oṣù kẹrin, àwọn àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ka ìtàn. Ṣé kí n ṣe kọ́ọ̀sì ìtàn ní sọ́mà, nígbà ìsinmi ìgbà ooru?" Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n nìyí: mélòó lẹ fẹ́ ṣe? Bó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi èkejì sílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 15 ni wọ́n ń kì bọ inú ọ̀sẹ̀ 6. Méjì lèmi ṣe lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé ti wọ̀ mí lọ́rùn, ọjọ́ tí wọ́n lè dá owó padà sì ti kọjá. Ẹ wá ọjọ́ yẹn lórí kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́ yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ yín kan sọ́mà, torí ọ̀pọ̀ ni kò kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, àròkọ gígùn lẹ máa fi parí. Ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá bèèrè àkòrí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ mú ìwé àtijọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Òwò ẹrú lórí òkun Àtìláńtíìkì ni kọ́ọ̀sì tèmi. Lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ní 1837 ni mo mú, níbi tó ti sọ bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú nílùú Òṣogùn ní 1821, nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Lákọ̀ọ́kọ́, mo kàn kà á lọ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti tà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹṣin. Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin ò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n bá dá a padà. Mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, mo jáde síta, mo sunkún. Nígbà tí mo padà wọlé, ìbéèrè mi ti dé: kí ni wọ́n ń fi ènìyàn pààrọ̀ kó tó dé etíkun? Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó kọ ọ́ ni mo ń wò. Ọdún 16 ti kọjá, ọmọ yẹn ti di olùkọ́ ní Sàró (Sierra Leone), akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ló sì ń kọ̀wé sí. Ó ní ọjọ́ burúkú yẹn, lọ́nà mìíràn, ọjọ́ ìbùkún ni. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ tó fi sọ bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣí SlaveVoyages lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò ọkọ̀ ẹrú tó lé ní 36,000 ló wà níbẹ̀: orúkọ ọkọ̀, ọdún, iye ènìyàn. Ẹ ò ní rí ẹṣin níbẹ̀. Ohun tí ìwé kan sọ tí èkejì ò sọ ni mo fi kọ àròkọ olójú-ìwé 12.

Ìwé tí láìbìrì yín bá máa yá láti ibòmíràn, ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ẹ ti bèèrè rẹ̀, torí ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ mú ìbéèrè yín lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́fíìsì. Bó bá ní ó ti fẹ̀ jù, ẹ gé e kù. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lèmi mú lọ. Òṣogùn sí Èkó ló ṣẹ́ kù nígbà tí mo jáde.