Bí Ejò Bá Wọlé: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ilé yín fara kan oko, ẹ̀yin tí ẹ ń kó àgbàdo sí àjà, ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí àdúgbò tí igbó ṣì yí ká. Ejò tó wọlé kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Oúnjẹ ló ń wá, tàbí ibi tó ṣókùnkùn tó sì gbẹ. Ìjàǹbá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóru, tàbí tí a bá gbé igi sí i níbi tí kò ti rí ọ̀nà sá. Ikú sì ń rí àyè nígbà tí a bá fi wákàtí ṣòfò nílé lẹ́yìn tó ti ṣán ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé àwọn tí oró ejò ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé wà láàrin 81,000 sí 138,000. Àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tàbí lápá, tàbí tó di aláàbọ̀ ara nítorí rẹ̀, tó ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn. Àgbẹ̀ àti ọmọ àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Eku ló ń pè é

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ejò lè bẹ̀ yín wò, ẹ kọ́kọ́ wo eku. Ilé tí eku bá ti ń sáré lórí àjà lálẹ́, tí àpò gààrí ti lu, tí ìdọ̀tí oúnjẹ kún ẹ̀yìn ilé ìdáná, ejò ń bọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ko ara wọn jọ síbi omi ìdọ̀tí náà ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin àti ọmọ adìyẹ. Ẹni tó bá pa ejò kan tí kò lé eku, àyè ló ṣí sílẹ̀ fún òmíràn.

Àsìkò tún wà tí wọ́n máa ń ya wọlé. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an, omi á kún ihò wọn. Nígbà ọyẹ́, iná igbó á lé wọn jáde. Bí aládùúgbò yín bá sì ṣán igbó ilẹ̀ rẹ̀ láti kọ́lé, ẹ la ojú yín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Iṣẹ́ ìta ilé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tó yí ilé ká mọ́ débi pé bí alángbá bá sáré kọjá, ẹ ó rí i. Òkìtì búlọ́ọ̀kù, páànù àtijọ́, pákó àti èèpo kòkó kò gbọdọ̀ sún mọ́ ògiri. Igi ìdáná ni kí ẹ máa fura sí jù lọ, torí pé ọwọ́ lásán la fi ń fà á, ó sì sábà jẹ́ àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ń rán lọ mú un wá ní kùtùkùtù. Ẹ to igi náà sórí pẹpẹ tó ga kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀pá gígùn tú u kí ẹ tó na ọwọ́ sí i. Àká àgbàdo pẹ̀lú: bí ẹ bá fi páànù tí ẹ ká bí àrọ wé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, eku kò ní lè gùn ún, irè oko yín náà á sì pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ilé po. Àlàfo tí ìka ọwọ́ bá ti lè wọ̀, ejò kékeré lè gbà á. Ẹ kan rọ́bà táyà àtijọ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ihò ara ògiri àti àlàfo tó wà láàrin ògiri àti páànù. Páìpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn láti inú ṣálángá tàbí ṣọ́káwéè, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó lẹ́nu. Ẹ̀ka igi tó bá ń kan òrùlé, ẹ gé e.

Ní ti áyù, imí ọjọ́, káńfọ̀, orógbó àti kẹrosíìnì tí a máa ń fọ́n yí ilé ká, òótọ́ ni kí a bá ara wa sọ: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti dán káńfọ̀ àti imí ọjọ́ wò pẹ̀lú ejò gidi ní Amẹ́ríkà, ejò ń kọjá lórí wọn láìbìkítà. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ lè dé inú kànga, ọmọ kékeré sì lè mu ún. Owó tí ẹ máa fi rà wọ́n, ẹ fi ra sìmẹ́ǹtì.

Ohun kan tí kò wọ́n tó sì ń ṣiṣẹ́ ni nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀, tó sì ki etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní tàbí tìmùtìmù yíká, ejò kò ní rí i fọwọ́ kàn lóru. Ẹni tó ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gan-an ló nílò rẹ̀ jù. Bí ẹ bá máa dìde lọ tọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ẹ ti rí i nínú yàrá, kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ dúró. Ẹ má pariwo lé e lórí, ẹ má sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kí ẹnìkan kó àwọn ọmọ, ajá àti ẹran jáde. Kí àgbà kan ṣoṣo dúró ní ọ̀ọ́kán, níbi tó fi mítà mẹ́ta, ó kéré tán, jìnnà sí i, kó má gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ejò tí a kò mọ ibi tó wọ̀ ló ń dáyà fo ènìyàn di ọ̀la, nítorí náà iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ ṣe pàtàkì ju ti ẹni tó ń wá igi lọ.

Ẹ ti ilẹ̀kùn tó wọ àwọn yàrá yòókù, kí ẹ sì fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ wọn. Ẹ wá ṣí èyí tó lọ síta sílẹ̀ gbayawu, kí gbogbo ènìyàn sì kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ejò tó bá rí ọ̀nà á gbà á. Bí kò bá lọ, ẹ ránṣẹ́ pe ọdẹ ìlú tàbí ẹlòmíràn tó mọ ejò mú. Ẹ̀yin ará Èkó lè pe nọ́mbà pàjáwìrì, 112 tàbí 767. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ (FUNAAB) ní Abẹ́òkúta, ẹ lọ béèrè níbẹ̀ ṣáájú, ẹni tó yẹ kí ẹ pè nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa pa á síbẹ̀síbẹ̀. Bí ó bá di dandan, kí ó jẹ́ àgbà kan tó wọ bàtà òjò, tó sì fi awò bo ojú, pẹ̀lú ọ̀pá tó gùn dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ gbé òkú ejò. Orí tí a ti gé kúrò lára rẹ̀ ṣì lè ṣán ènìyàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ má fi iná sun ihò tó wọ̀, ẹ má da epo bẹntiróòlù sí i: ilé ló máa jó.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé èkejì rẹ̀ ń bọ̀ wá gbẹ̀san. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, òótọ́ sì ni, òun nìkan ló ń dá rìn. Àmọ́ bí ẹ bá rí ọmọ ejò méjì tàbí mẹ́ta láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹyin ti pa nítòsí. Ẹ tú òkìtì pàǹtí àti abẹ́ búlọ́ọ̀kù wò pẹ̀lú ọ̀pá.

Irú ejò wo ni?

Orúkọ ejò ń yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọká níbì kan lè jẹ́ paramọ́lẹ̀ níbòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ròyìn rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ẹ sọ bó ṣe rí.

Èyí tó sanra tó kúrú, tó ń dùbúlẹ̀ sáàrin ewé gbígbẹ nínú oko kòkó àti obì, kì í sá fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Ó lè fẹ́ èémí jáde pẹ̀lú ariwo kó tó ṣán. Èyí tó ń gbọ́rùn sókè tó sì ń fẹ ọrùn, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sèbé, irú kan wà nínú wọn tó lè tu oró sójú ènìyàn láti mítà méjì. Ejò aláwọ̀ ewé tó ń gbórí igi lè jẹ́ aláìlóró, ó sì lè jẹ́ èyí tí oró rẹ̀ ń dí èémí. Ẹ má ṣe dánwò. Ejò dúdú kékeré kan tún wà tó ń gbé inú ilẹ̀, tó máa ń jáde lálẹ́ lẹ́yìn òjò. Ọmọdé lè rò pé ekòló ni. A kò lè dì í mú lọ́rùn láìséwu, torí eyín rẹ̀ máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé ejò olóró ni èyí tí orí rẹ̀ bá fẹ̀ bí àmì ẹnu ọfà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí sèbé kò fẹ̀ lọ títí, ejò aláìlóró mìíràn sì máa ń tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á.

Erè, tí àwọn mìíràn ń pè ní òjòlá, kò ní oró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín rẹ̀ ń dá egbò síni lára, èyí tó bá sì tóbi lè gbé adìyẹ àti ọmọ ewúrẹ́. Ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin, erè kéékèèké tó bá jáde láti tẹ́ńpìlì erè tó wọ ilé ènìyàn, ńṣe ni wọ́n ń rọra gbé e padà. Ejò ilé aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń jẹ eku náà kò ní oró. Ó wu àwa kí irú wọn máa rí ọ̀nà lọ dípò kí a máa pa wọ́n, nítorí eku tí wọ́n ń jẹ kò ní dé inú àká.

Bí ó bá ti ṣán ènìyàn

Ẹ wo aago. Ẹ kúrò níbi tí ejò wà. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà, ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ àti bàtà kúrò kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ fi pákó àti aṣọ gbá ẹsẹ̀ tàbí apá náà mú kó má baà máa mira, bí ẹni gbá egungun tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n kó má há. Kí ẹni náà má rìn: ẹ gbé e. Bí ọ̀kadà nìkan ló wà, ẹ fi í sáàrin ẹni tó ń wà á àti ẹni tó máa dì í mú lẹ́yìn. Bó bá ń bì, tàbí tí ojú rẹ̀ ń dí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀.

Ẹ má fi okùn di ẹsẹ̀ náà. Oró kò dúró síbì kan nítorí okùn, ẹran ara ló ń kú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fún un ní ògógóró. Asipirín kò dára, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i. Ẹ má lépa ejò náà láti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá wà ní ìtòsí tí ẹ lè fi fóònù yà á láti òkèèrè, ìyẹn tó.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí òkúta dúdú tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ejò ti ṣán ènìyàn, nítorí ó ti pa àwọn tó yẹ kó wà láàyè. Egungun màlúù tí wọ́n sun ni. Ó ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò nítorí pé ó máa ń fa omi, kò lè fa oró tó ti wọ inú ẹran ara. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi gbà á gbọ́ ni pé púpọ̀ nínú ejò tó ń ṣán ènìyàn kò ní oró rárá, àwọn olóró pàápàá sì máa ń ṣán ènìyàn nígbà mìíràn láìtu oró síni lára. Ẹni bẹ́ẹ̀ á sàn, òkúta tàbí ewé á sì gba ìyìn. Ẹni tí oró wọ̀ lára ní tòótọ́ ni àkókò tí wọ́n fi ṣòfò ń pa. Ẹni tí wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ ejò fún láti kékeré náà gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà tàbí tó fẹ́ pe ọfọ̀ lè máa ṣe é bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Kò gbọdọ̀ dá ọkọ̀ dúró.

Nílé ìwòsàn, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú láti wò bóyá á dì. Ẹ má bínú pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò: ẹ̀jẹ̀ tí kò bá dì fi hàn pé oró ti dà á rú. Wọ́n á tún máa wo ìpéǹpéjú tó ń wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lẹ́rìgì, wíwú tó ń gòkè, àti bóyá ó lè gbé itọ́ mì. Bí kò bá tíì sí nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Oró kan máa ń pẹ́ kó tó fara hàn.

Abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò, lára ẹṣin tàbí àgùntàn ni wọ́n ti ń rí i. Wọ́n á fún ẹran náà ní oró díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fi mọ bí a ti ń bá a jà. Kò sí abẹ́rẹ́ kan tó ká gbogbo ejò. Èyí tí wọ́n ń pè ní EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica fún ilẹ̀ wa, wà fún oró paramọ́lẹ̀, sèbé tí ń tu oró, àti ejò kékeré olóró kan tó pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ọmọdé ń gba ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àgbà, nítorí oró tí ejò tu sí i lára kò dín kù nítorí pé ó kéré. Kí ẹnikẹ́ni má gbà á ní kẹ́mísì tàbí nílé, torí ara àwọn mìíràn máa ń kọ̀ ọ́ lójijì, oògùn tí wọ́n á fi gbà wọ́n là sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Bí ó bá jẹ́ ojú ni ó tu oró sí, omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án fún 15 sí 20 ìṣẹ́jú, kí ẹni náà máa ṣẹ́jú, kó má fi ọwọ́ nù ún. Bí kò bá sí omi, mílíìkì ṣe é lò. Ẹ má fi epo pupa, àlùbọ́sà tàbí ìtọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n wo ẹyinjú náà.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí

Abẹ́rẹ́ yìí kò sí ní gbogbo ilé ìwòsàn, ó sì wọ́n. Kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò yín rán ẹnìkan lọ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín: ṣé ẹ ní i báyìí? Bí ẹ kò bá ní i, ibo ni ẹ máa ń darí ènìyàn sí? Ṣé ó wà lóru àti lọ́jọ́ Sunday? Bí ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ̀síwájú dé ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bá ọlọ́kadà tàbí onímọ́tò kan ṣàdéhùn pé á jí bí ẹ bá pè é lóru, kí ẹ sì kọ nọ́mbà rẹ̀ àti orúkọ ilé ìwòsàn náà sára ògiri, níbi tí ọmọ tó lè kàwé á ti rí i.