Bẹ́ ẹ bá ń retí orílẹ̀-èdè tí TAC máa rán yín lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe íńtáfíù Technical Aid Corps (TAC), ìyẹn ètò tí ìjọba Nàìjíríà fi ń rán àwọn tó mọṣẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè míì, tí wọ́n ní ẹ ti yege àmọ́ tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára. Nọ́ọ̀sì ni mí, oṣù méje ni mo fi retí tèmi, tí fóònù bá ti dún báyìí àyà mi á já.

Wọn ò gbàgbé yín o. Láti 1987 tí wọ́n ti dá ètò yìí sílẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí wà nípò mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ èèyàn ló máa ń béèrè, ní Áfíríkà níbí, ní Caribbean àti Pacific, ibì kan lè ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́, ibòmíì á ní tíṣà. Ẹni tó ń wá irú iṣẹ́ yín lẹ ń dúró dè.

Nǹkan tí gbogbo orílẹ̀-èdè máa béèrè ni kẹ́ ẹ ṣe báyìí, èyí tó bá jẹ́ ti ibì kan ṣoṣo, ẹ fi sílẹ̀ dìgbà tí lẹ́tà bá dé. Ẹnì kan sọ fún mi pé Namibia ni tèmi, mo bá sáré ra kóòtù tó nípọn torí òtútù Windhoek lóṣù kẹfà sí ìkẹjọ, lẹ́tà wá dé, Gambia ni. Owó sùkúù ọmọ mi ni mo yọ níbẹ̀, ó dùn mí gan-an.

Ọdún méjì lẹ máa lò, ọ̀pọ̀ ibi sì fẹ́ kí páásìpọ́ọ̀tù ṣì ku oṣù mẹ́fà, torí náà tí tiyín ò bá ku ọdún mẹ́ta, ẹ lọ ṣe òmíì. Ẹ gba abẹ́rẹ́ yellow fever, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún gbogbo ayé yín, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó wọ ìlú wọn. Ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí ò gún yín lábẹ́rẹ́.

Orúkọ lẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ jù. Ẹ tẹ́ sátífíkéètì, ìwé NYSC, láísẹ́ǹsì àti páásìpọ́ọ̀tù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ Oluwaseun ló wà níbì kan, Seun níbòmíì, tàbí ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ bàbá, èkejì ń jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ lọ búra ní kóòtù, kẹ́ ẹ sì gbé e sínú ìwé ìròyìn, torí ó máa ń gba àkókò, lẹ́tà kì í sì í dúró deni.

Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o! Ẹ kàn bi ọ̀gá yín bí wọ́n ṣe ń gba ìsinmi ọdún méjì. Ẹ má ta mọ́tò, ẹ má lé ayálégbé yín.

Ẹni tó bá pè pé kẹ́ ẹ mówó wá kóun lè yí orílẹ̀-èdè yín padà, ẹ pa fóònù. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ san án, kò rí owó ẹ̀ gbà padà títí dòní.

Ẹ jókòó pẹ̀lú ọkọ tàbí ìyàwó yín, ẹ sọ ẹni tó máa mójú tó àwọn ọmọ. Jàmáíkà fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa, Fiji sì fi mọ́kànlá ṣáájú, kẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ìpè alẹ́ ò ní rọrùn. Ìyá mi ń béèrè lójoojúmọ́ pé “ṣé wọ́n ti pè ẹ́?”, mo wá sọ fún wọn pé “Màámi, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ pè,” ọkàn wọn sì balẹ̀.

Tí lẹ́tà bá dé, déètì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ yọjú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó wo orúkọ orílẹ̀-èdè.