Bí ẹ ṣe lè lo ìsinmi yín nídìí ẹja sámọ́nù lódò Alagnak

Oṣù Keje ni kí ẹ lọ. Ìgbà náà ni sámọ́nù pupa máa ń ya wọ odò Alagnak, ní Alaska, látinú òkun. Kò sí títì tó débẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Anchorage dé ìlú King Salmon, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ kékeré tó ń balẹ̀ sórí omi. Kùrukùru lè dá a dúró o: odidi ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sínú àgọ́, gààrí tí mo dì láti Houston ló gbà mí. Ẹ di oúnjẹ lé oúnjẹ.

Ẹ ra ìwé àṣẹ ìpẹja kí ẹ tó gbéra. Bàtà odò tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ fẹ́ẹ̀tì (felt, ìyẹn aṣọ onírun tó nípọn), ẹ fi sílé; Alaska ti fòfin dè é láti 2012.

Ẹja yìí kì í jẹun mọ́ tó bá ti wọ odò, ìdẹ ò ràn yín lọ́wọ́. Etí bèbè ló ń gbà, nítorí náà ẹ má sáré wọ omi. Ẹ ju ìwọ̀ sápá òkè odò díẹ̀, kí òjé kékeré ara okùn máa kan òkúta nísàlẹ̀, kò, kò, kò. Bó bá dákẹ́ lójijì, ẹja ló ṣeé ṣe kó dá okùn dúró, ẹ fa ọ̀pá.

Béárì ńkọ́? Ilé wọn nìyẹn. Bí ọ̀kan bá yọ nígbà tí ẹja wà lẹ́nu ìwọ̀ yín, ẹ gé okùn lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo gé tèmi, àmọ́ béárì tó bá ti gba ẹja lọ́wọ́ ènìyàn kan á tún wá gba tẹlòmíràn.