Ẹ Má Fi Owó Yín Ṣòfò ní Malta

Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá rí àwọn èèyàn wa láti London tí wọ́n ti san owó bàálù, tí wọ́n ti san owó òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Hypogeum, ibojì àtijọ́ abẹ́ ilẹ̀ tó wà ní ìlú Paola, tí wọ́n ń bẹ ẹ̀ṣọ́ nítorí pé wọn ò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀bẹ̀ ò ràn án.

Àkọ́kọ́, físà. Ìwé ìgbélùú UK kì í ṣe físà Schengen tí wọ́n fi ń wọ Malta. Tó bá jẹ́ páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, ẹ gba físà ná.

Èkejì, ẹ má wọ bàtà gogoro lọ sí kàtídírà St John ní Valletta, olú ìlú Malta. Òkúta ibojì àwọn ajagun ìjọ ló kún ilẹ̀ ibẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ bo èjìká. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ìsinmi, ìsìn ni wọ́n ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ wo àwòrán bí wọ́n ṣe bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí, tí ayàwòrán Caravaggio yà ní 1608, dáadáa: inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ́rùn Jòhánù ló kọ orúkọ ara rẹ̀ sí.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù. Hypogeum yìí, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ kòtò omi fún ilé tuntun ló já lu òrùlé rẹ̀ ní 1902. Òkúta àti ìwo ẹran ni àwọn ará ìgbàanì fi gbẹ́ àpáta náà lọ sísàlẹ̀, àjà mẹ́ta gbáko, wọ́n sì sin nǹkan bí èèyàn 7,000 síbẹ̀. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ṣe ọnà sára àjà ṣì wà níbẹ̀. Èémí wa àti ooru ara wa ló ń ba ọnà yẹn jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èèyàn 80 péré ni wọ́n ń gbà lójúmọ́, mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé ọgọ́ta ọdún, mo ní ká lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ní tá a bá débẹ̀ la máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tòní ti tán. Tọ̀la ńkọ́? Ó ti tán. Ọ̀tunla? Ó ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé onílé, wọ́n bọ́ bàtà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí bọ́ọ̀sì fi dé. Ohun tó gbà mí ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Valletta. Ibẹ̀ ni ère obìnrin tó sùn, tí wọ́n rí nínú Hypogeum, wà. Ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í pẹ́.

Nítorí náà, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Hypogeum lórí ìkànnì Heritage Malta, àjọ tó ń bójú tó ibẹ̀, kẹ́ ẹ tó ra ti bàálù. Ọjọ́ tí àyè bá wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi yan ọjọ́ ìrìnàjò. Ẹ má kó ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà dání, wọn ò ní gbà á wọlé.

Ẹ má ra adápítọ̀. Ihò iná wọn ò yàtọ̀ sí ti UK.

Ẹ má háyà mọ́tò nítorí Valletta. Ọkọ̀ ojú omi láti Sliema yá ju mọ́tò lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gozo láti èbúté Ċirkewwa, ẹ má wá ibi tí wọ́n ti ń gba owó ọkọ̀ kiri. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ ní Mġarr, èbúté Gozo, lẹ máa san án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi àwòrán àtijọ́ gbéra lọ sí Dwejra ní Gozo láti lọ wo Azure Window, àpáta etí òkun tó rí bí ojú fèrèsé. Ìjì ti wó o sínú òkun láti oṣù kẹta ọdún 2017.