Bí Ohun Tí Ojú Rí Nínú Dánfó Ṣe Ń Di Àwàdà Lórí Ìtàgé

Iṣẹ́ apanilẹ́rìn-ín ni mo fi ń bọ́ ìdílé mi. Ní ọjọ́ Sátidé, mo lè wà níbi ìgbéyàwó kan ní Bódìjà ní ọ̀sán, kí n sì wà níbi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ní Abẹ́òkúta ní alẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí máa ń rò pé ẹni tí ó bá ti lè pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín nídìí ayò ti lè pa gbọ̀ngán lẹ́rìn-ín. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nídìí ayò, àwọn tí ó ń gbọ́ yín mọ̀ yín, wọ́n mọ ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti múra àtirẹ́rìn-ín kí ẹ tó lanu. Nínú gbọ̀ngán, àwọn tí kò mọ̀ yín rí ni ó jókòó síwájú yín, ọ̀nà ibi tí oúnjẹ yóò gbà wọlé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wò. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń mú ohun kékeré kan láti inú ìgbésí ayé ojoojúmọ́, tí a ó sì máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí yóò fi lè dúró níwájú irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán, ohun tí ó ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn kò pọ̀. Ohun tí ó bí yín nínú tí ẹ kò rí ẹni bá jà, tàbí ohun tí ó dójú tì yín tí ẹ fi dákẹ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, ọ̀rọ̀ yẹn sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ yìí lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kò tó, nítorí pé ohun kan náà ni ó ń bí gbogbo wa nínú. Bí ẹ bá dìde sọ pé iná ìjọba kì í dúró, àwọn èrò ti mọ̀ kí ẹ tó parí rẹ̀. Bí ẹ bá sọ nípa ìyá yín tí ó ń kó ìwé ẹ̀rí gbogbo ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú firíìjì, nítorí pé ibẹ̀ ni eku kò lè wọ̀, tí kò sì sí iná tí yóò mú kí ibẹ̀ tutù, wọn yóò tẹ́tí sí yín, nítorí pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè sọ firíìjì yẹn fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan nínú ti ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Mo wọ dánfó kan lọ sí Ọbáléńdé. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kọ́ńdọ̀ kò ní ṣéńjì, ni ó bá fi ẹgbẹ̀rún náírà kan lé mi lọ́wọ́, ó nawọ́ sí ìyá àgbàlagbà kan, ó ní kí àwa méjèèjì lọ pín in. Ọkọ̀ sì lọ. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni èmi àti ìyá yìí fi rìn kiri lábẹ́ òòrùn láti ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ olómi tútù, tí èmi di etí kan owó náà mú, tí ìyá sì di etí kejì mú, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fọkàn tán ẹnì kejì. Inú bí mi gidigidi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bi ara mi ní ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi lórí gbogbo ohun tí ó bá bí mi nínú: níbo mìíràn ni irú nǹkan báyìí ti máa ń ṣẹlẹ̀? Níbo ni ẹlòmíràn ti máa ń dúró láàárín ènìyàn méjì, tí yóò so wọ́n pọ̀, tí yóò sì ní kí wọ́n jọ máa lọ? Níbi ìgbéyàwó ni. Bí ìbéèrè yìí bá ti rí ìdáhùn, àwàdà ti lóyún. Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ó pọ́n sí i.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí mo sọ gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo sọ iye owó ọkọ̀, mo sọ àwọ̀ ìró tí ìyá náà ró, mo sọ ohun tí mo lọ ṣe ní Ọbáléńdé, èrò kankan kò sì rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibi ìgbéyàwó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí mo ti ń gé e, ohun tí ó kù nìyí:

“Kí wọ́n tó fún mi ní ìyàwó, odidi ọdún kan ni ẹbí méjèèjì fi wádìí ara wọn. Wọ́n wádìí ìdílé, wọ́n wádìí àrùn, wọ́n wádìí ẹ̀jẹ̀. Kọ́ńdọ̀ so èmi àti ìyá kan pọ̀ ní Ọbáléńdé, kò bèèrè orúkọ. Ó wojú mi, ó wojú ìyá, ó ní: ‘Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.’”

Ẹ kíyè sí ibi tí iye owó náà wà. Òun ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Èdè wa máa ń ta aláwàdà jàǹbá ní ibi yìí, nítorí pé àṣà wa ni láti gbé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù síwájú, kí a sì fi “ni” tẹ̀ lé e. Bí mo bá sọ pé “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni kọ́ńdọ̀ pín fún èmi àti ìyá”, Yorùbá tí ó dán mọ́rán ni mo sọ, ṣùgbọ́n mo ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà kí n tó dé ìdí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa wo gbólóhùn yín léraléra, kí ẹ bi ara yín pé ọ̀rọ̀ wo ni ó ń já ẹ̀rín, kí ẹ sì máa tì í sẹ́yìn títí kò fi ní ibi tí yóò lọ mọ́. Ẹ má sì ṣe fi “ẹ ò rí nǹkan” tàbí “ṣé ó yé yín” kún un. Ẹnu gbígbé dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nira fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ṣùgbọ́n inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ̀rín ti ń bọ̀.

Èmi kì í kọ àwàdà sílẹ̀ mọ́. Ohùn mi ni mo ń gbà sórí fóònù, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì kọjá, n kò ní mọ̀ bóyá ọkọ ni mo ń sọ tàbí ọkọ̀. Ohun mìíràn tún wà nípa ohùn tí ẹni tí ó ń ṣe àwàdà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní láti dààmú lé lórí. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá parí sí ohùn ìsàlẹ̀, ìparí rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀, ó sì máa ń rọ̀. Nínú yàrá kékeré, kò sí ìṣòro. Nínú gbọ̀ngán tí sípíkà rẹ̀ ti gbó, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìn fèrèsé, ọ̀rọ̀ náà yóò pòórá, àwọn tí ó wà lẹ́yìn yóò sì máa bi ara wọn pé kí ni ó wí. Mo máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, kí n sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àwàdà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú maíìkì, kí ẹni tí ó bá mi wá sì dúró sí ẹ̀yìn pátápátá láti sọ èyí tí ó gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́. Èyí tí kò bá gbọ́, mo máa ń pa ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀ dà.

Ẹ má gbé àwàdà tuntun lọ sí òde tí wọ́n ti sanwó fún. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tàbí lọ́dọ̀ fọ́kánáísà, níbi tí kò sí ẹni tí ó jẹ yín ní gbèsè ẹ̀rín, kí ẹ má sì sọ fún wọn pé àwàdà ni ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé lánàá ni ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín wọn kọ́ ni mo ń dúró dè. Ohun tí mo ń dúró dè ni kí ẹnì kan pe ẹlòmíràn wọlé, kí ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, ẹ tún un sọ fún Ràṣídì.” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti jinná.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ẹlẹ́bùn tí iṣẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ní Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin àti láàárín àwọn ará Yewa, òru ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin tí ó ń bo ojú, máa ń jáde nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí ó wà nínú àkójọ àṣà àjogúnbá tí UNESCO ṣe ní ọdún 2008. Ẹ̀fẹ̀ ní àṣẹ láti fi oníwà ìbàjẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba, ìbáà jẹ́ olówó tàbí olóyè. Síbẹ̀, kì í fi èébú bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń júbà àwọn òrìṣà, àwọn ìyá wa àti àwọn àgbà, kí ó tó ya ẹnu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn alága ìdúró àti alága ìjókòó tí ó ń darí ìdána lónìí ń ṣe ohun kan náà. Wọn yóò mú kí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn yóò bu owó ìtanràn lé wọn, inú kò sì ní bí ẹnikẹ́ni, nítorí pé àdúrà ń tẹ̀ lé yẹ̀yẹ́ náà kí ó tó tutù. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jókòó síbi ìdána mẹ́wàá, kí ẹ má wo ìyàwó, kí ẹ máa wo alága.

Èmi kò mọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo fi baba ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jọ pé ó ti gbàgbé ọ̀nà ilé tipẹ́tipẹ́ kí ó tó rántí. N kò mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá ni tọkọtaya náà ti ń wá ọmọ. Ìyá ọmọ dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó wọ yàrá lọ, gbogbo ilé sì dákẹ́. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìró bàtà obìnrin yẹn kò tíì kúrò ní etí mi. Láti ìgbà náà, n kì í gba iṣẹ́ láìbi olóde ní ohun mẹ́ta: ta ni ó ṣaláìsí nínú ẹbí láìpẹ́, kí ni wọ́n ti ń fi omijé wá, àwọn wo ni kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú àwọn tí ó ń bọ̀? Gbogbo ohun tí wọ́n bá dá mi lóhùn, mo máa ń yàgò fún un. Bákan náà, n kì í fi abirùn, òtòṣì tàbí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbi òde náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí ó ń gbé omi kò lè dá yín lóhùn, maíìkì sì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ bá alásè sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gorí ìtàgé, nítorí pé kò sí àwàdà tí ó lè bá ìrẹsì gbígbóná jà. Ẹ bá onígángan náà sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ gidi ni gángan fún aláwàdà, ó lè fi ohùn ìlù tún ọ̀rọ̀ yín sọ, kí ẹ̀rín tún sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n onílù tí ó ti gbọ́ àwàdà náà rí lè fi ìlù parí rẹ̀ kí ẹ tó parí rẹ̀, àwọn tí ó gbọ́ ìlù yóò sì ti rẹ́rìn-ín tán. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró de yín.

Ẹni tí ó bá mọ orin máa ń tètè mọ iṣẹ́ yìí. Olóògbé Moses Ọláìyá, Baba Sàlá, ti ní ẹgbẹ́ olórin kí òkìkí rẹ̀ tó kàn nínú àwàdà, inú ẹgbẹ́ náà sì ni King Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí, ìyẹn táì ọrùn rẹ̀ tí ó tóbi jù àti aago ńlá àyà rẹ̀. Èmi ń rántí bí ó ṣe máa ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró. Olóògbé Gbénga Adébóyè ní tirẹ̀ máa ń di ènìyàn púpọ̀ fúnra rẹ̀, tí etí yóò sì mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láìrí ojú rẹ̀. Ẹ lè fi èyí ṣe ìdánwò: bí kọ́ńdọ̀ àti ìyá bá ń sọ̀rọ̀ nínú àwàdà yín, ẹ yọ “ó ní” kúrò, kí ẹ gbọ́ bóyá a ṣì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ dánfó náà tán síbẹ̀. Ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilé, sórí ọ̀rọ̀ àna, kí àwọn èrò gbàgbé ìyá yẹn pátápátá. Nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí n sọ̀kalẹ̀, mo máa ń sọ pé ìgbéyàwó ti nira láti tú ká láyé ìsinsìnyí, kí n tó fi kún un pé, “Èmi àti ìyá Ọbáléńdé, a ṣì wà pa pọ̀. Kò sí ṣéńjì.” Ẹ̀rín èyí máa ń ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Nípa owó, ẹ gba àsansílẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ sì bẹ àwọn tí ó bá fẹ́ ná owó fún yín pé kí wọ́n fi sínú àpò ìwé tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí báńkì. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà síni lára níbi òde sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà.

Mo máa ń gba ohùn gbogbo eré mi sílẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ ọ ní ọjọ́ kejì, kí ìyìn àwọn ọ̀rẹ́ ti kúrò lórí mi. N kì í ka ẹ̀rín. Ariwo ṣíbí ni mo ń fetí sí. Níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ kí ṣíbí kan abọ́ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ mi ti gùn jù níbẹ̀, èmi náà yóò sì jókòó láti gé e kúrò kí Sátidé mìíràn tó dé.