Ẹ Pín In Kó Tó Wọ Fírísà

Ìwé yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní fírísà nílé, àgbẹ̀ tó kórè ju èyí tó rí tà lọ àti ìdílé tó ń ra oúnjẹ lọ́pọ̀ kí owó lè dín kù. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń pa adìyẹ tàbí bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀fọ́, ẹ mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín sọ, èyí tá à ń rí léraléra, tá à ń sọ, tí àwọn èèyàn ò sì jáwọ́ níbẹ̀: wọ́n á kó ẹran kílò 5 sínú náílọ́nù kan ṣoṣo, wọ́n á so ó, wọ́n á jù ú sí fírísà, ó parí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fẹ́ sè díẹ̀ níbẹ̀, ẹran ti dì gbagidi, ọ̀bẹ ò ràn án, wọ́n á gbé odindi ẹ̀ síta títí yìnyín á fi yọ́, wọ́n á mú ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́, wọ́n á dá ìyókù padà. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n tún gbé e síta. Kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin ẹran ti ń rùn, wọ́n á wá ní fírísà ò dáa. Fírísà ò jẹ̀bi kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó yé yín, fírísà kì í pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ba oúnjẹ jẹ́, ńṣe ló ń dá wọn dúró. Tí oúnjẹ bá ti wà ní -18°C wọn ò lè pọ̀ sí i mọ́. Àmọ́ tó bá ti móoru kọjá 5°C wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa bí sí i, ó dìgbà tí iná bá gbé e kọjá 60°C kí wọ́n tó ṣíwọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wá gbé ìdì ńlá yẹn síta, ẹ̀yìn ẹ̀ á ti yọ́, á ti móoru fún ọ̀pọ̀ wákàtí nígbà tí àárín ẹ̀ ṣì jẹ́ yìnyín, ẹ̀yìn tó yọ́ yẹn ni kòkòrò ti ń pọ̀. Ẹ wá dá a padà sí fírísà, ẹ dá àwọn náà padà pẹ̀lú ẹ̀.

Ìdì ńlá kì í tètè dì náà. Ẹran tó bá ń dì díẹ̀díẹ̀, yìnyín inú ẹ̀ máa ń tóbi, á gún ara ẹran yẹn látinú, tó bá yọ́ tán omi ara ẹ̀ á dà nù, ẹran á wá le gan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa pín in

Ẹ wo ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń sè lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni ìdì kan. Fún ẹran tútù tàbí ẹja, kó má ju 500 gíráàmù lọ, tí ilé bá kún ẹ mú ìdì méjì, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má mú méjì. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ nínú náílọ́nù, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó so ó. Afẹ́fẹ́ yẹn ló máa ń mú kí ara ẹran gbẹ kó sì funfun níbì kan níbì kan, kì í ṣe pé ó lè pa yín o, àmọ́ adùn ẹ̀ ti lọ. Náílọ́nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi kó ọjà fún yín ò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ lo èyí tó nípọn, tí kò bá sí, kẹ́ ẹ wé e lọ́nà méjì.

Lẹ́yìn náà ẹ tò ó sórí tíréè nínú fírísà, kí ọ̀kan má gorí èkejì títí gbogbo ẹ̀ á fi dì, ìgbà yẹn lẹ lè wá kó wọn jọ bó ṣe wù yín. Ẹni tó bá to ìdì mẹ́wàá tó ṣì rọ̀ gorí ara wọn ti tún ṣe ìdì ńlá nìyẹn, kí ló wá ń pín in fún?

Ohun kan náà ni fún èso tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́, àti kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà tútù tẹ́ ẹ ti bọ̀ (bẹ́ ẹ ṣe máa bọ̀ wọ́n wà nísàlẹ̀). Ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè kó má lẹ̀ mọ́ra, wákàtí 1 sí 2, tó bá ti le kẹ́ ẹ wá dà á sínú náílọ́nù, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó ẹ ó lè bu ìwọ̀nba tẹ́ ẹ fẹ́ láìfọwọ́ kan ìyókù. Búrẹ́dì, ẹ gé e kó tó wọlé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ bó o. Omi ẹran tẹ́ ẹ fẹ́ fi sọbẹ̀, ẹ rọ ọ́ sínú àwọn ike kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe yìnyín.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù: fírísà lítà 100, kílò 3 sí 4 oúnjẹ tuntun ló lè mú dì dáadáa láàárín wákàtí 24. Ẹ ò lè pa adìyẹ 20 láàárọ̀ kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ rọ́ sínú ẹ̀ nírọ̀lẹ́, tuntun ò ní dì, èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Adìyẹ tútù ò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 2 lọ nínú fíríìjì, nítorí náà ẹ pa ìwọ̀n tí fírísà yín lè gbé, kí ìyókù ṣì wà láàyè.

Oúnjẹ sísè

Ọbẹ̀ gbígbóná ò gbọdọ̀ wọ fírísà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò sì gbọdọ̀ gbé e sórí sítóòfù di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wákàtí 2 péré lẹ ní látìgbà tó kúrò lórí iná, tí inú ilé bá gbóná ju 32°C lọ, wákàtí 1. Ìkòkò ńlá ò lè tutù láàárín ìgbà yẹn, ibi tí ọ̀rọ̀ pípín tún ti wọlé nìyẹn. Ẹ bù ú sínú àwọn abọ́ tí kò jìn, kí ọbẹ̀ inú ẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ẹ gbé abọ́ yẹn sínú omi tútù, kẹ́ ẹ máa rò ó. Tó bá ti tutù, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó gba ti ẹ̀ẹ̀kan, ẹ má rọ ọ́ kún o! Omi máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 tó bá di yìnyín, nítorí náà ike lítà 1, ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 2.5 sílẹ̀ lókè ẹ̀. Ìgò tí wọn ò ṣe fún fírísà á fọ́, ẹ má dán an wò.

Ìrẹsì àti ẹ̀wà sísè ń dì dáadáa, ọ̀dùnkún sísè ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, ó máa ń rí ṣákaṣàka.

Ẹ̀fọ́

Ẹ̀fọ́ tútù ẹ ò ní kàn jù ú síbẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́ ná, torí bí ẹ ò bá bọ̀ ọ́ á máa gbó lọ náà ni nínú òtútù yẹn, àwọ̀ ẹ̀ á ṣá, á máa korò. Lítà 4 omi tó ń hó fún ẹ̀fọ́ 450 gíráàmù. Tí omi bá ti padà hó lẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú: ẹ̀fọ́ eléwé ìṣẹ́jú 2, kárọ́ọ̀tì gígé 2, ẹ̀wà tútù tó gùn pẹ̀lú èèpo ẹ̀ 3, kábéèjì gígé 1 ààbọ̀. Ẹ kó o jáde sínú omi yìnyín fún iye ìṣẹ́jú kan náà, ẹ gbọn omi ẹ̀ dànù dáadáa, kẹ́ ẹ wá pín in. Àlùbọ́sà àti ata ò nílò bíbọ̀, ẹ gé wọn, ẹ tẹ́ wọn sórí tíréè. Kùkúmbà àti lẹ́túùsì, ẹ jẹ ẹ́ ní tútù, tó bá dì tó sì yọ́ omi lásán ló kù. Ẹyin pẹ̀lú èèpo ẹ̀ náà ò gbọdọ̀ wọ fírísà, ẹ fọ́ ọ, ẹ lù ú pọ̀, kẹ́ ẹ wá rọ ọ́ sínú ike.

Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára

Tépù kan àti máàkà kan, kò ju ìyẹn lọ, síbẹ̀ wọn kì í ṣe é! Ẹ kọ ohun tó jẹ́, ìwọ̀n ẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé. Ẹran lílọ̀ oṣù 3 sí 4, adìyẹ gígé oṣù 9, odindi adìyẹ ọdún 1, ẹja ọlọ́ràá oṣù 2 sí 3, ọbẹ̀ àti búrẹ́dì oṣù 2 sí 3, ẹ̀fọ́ bíbọ̀ oṣù 8 sí 12. Tó bá ti wà ní -18°C láìyọ́, kì í ṣe pé ó di májèlé tí oṣù yẹn bá pé, adùn ẹ̀ ló ń lọ. Àmọ́ oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó jẹ́ mọ́, kò sẹ́ni tó ń sè é, inú pàǹtí ló ń parí sí. Àjọ UNEP ti ìparapọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣírò ẹ̀ pé lọ́dún 2022 oúnjẹ tó ṣòfò káàkiri ayé tó tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 1.05, ìdá 60 nínú 100 ẹ̀ ló sì ti inú ilé àwọn èèyàn jáde, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ilé oúnjẹ. Owó tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ ni ẹ̀ ń dà nù yẹn, ó sì ń dùn wá.

Yíyọ́ ẹ̀

Inú fíríìjì ni, kì í ṣe orí tábìlì. Ìdì 500 gíráàmù tó pẹlẹbẹ, ẹ gbé e sí fíríìjì lálẹ́, á ti yọ́ kẹ́ ẹ tó dáná lọ́jọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá ń kánjú, ẹ so ẹnu náílọ́nù ẹ̀ dáadáa, ẹ rì í sínú omi tútù, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn ní ìṣẹ́jú 30 sí 30, kò ní ju bíi wákàtí 1 lọ. Èyí tó bá yọ́ nínú omi tàbí nínú máíkírówéfù, ẹ sè é lójú ẹsẹ̀. Èyí tó yọ́ nínú fíríìjì tó sì ṣì tutù dáadáa lẹ lè dá padà, òun nìkan, adùn ẹ̀ á kàn dín kù. Oúnjẹ sísè tẹ́ ẹ bá ń gbé kaná, ẹ jẹ́ kí àárín ẹ̀ gan-an gbóná dé 74°C.

Tí iná bá lọ

Ẹ má ṣí i. Fírísà tó kún á di òtútù ẹ̀ mú fún wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì wákàtí 24, tí wọn ò bá ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀. Ẹ fi ife omi kan sínú ẹ̀ kó dì, kẹ́ ẹ gbé owó ẹyọ kan lé orí yìnyín yẹn. Tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò dé tẹ́ ẹ bá owó yẹn nísàlẹ̀ ife, gbogbo ẹ̀ ti yọ́ ó sì ti padà dì lẹ́yìn yín, ẹ má jẹ ẹran àti ẹja ibẹ̀. Tí iná bá dé tí yìnyín ṣì wà lára oúnjẹ, tàbí tó ṣì tutù dé 4°C, ẹ lè jẹ́ kó padà dì.

Èyí tó ti dì mọ́ra nílé yín báyìí ńkọ́? Ẹ má fi àáké là á, ẹ má sì gbé e síta. Ẹ gbé odindi ẹ̀ sínú abọ́, kó wà nínú fíríìjì, ẹ fún un ní wákàtí 24 fún kílò 2 sí 2.5 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé kílò 5 á gba tó ọjọ́ 2 ààbọ̀. Tó bá yọ́ tán, ẹ sè gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ kó tutù nínú abọ́ tí kò jìn, ẹ pín in sí ike ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ wá dá a padà, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù 2 sí 3.